Òòlù Bàbá Onípákó

Obìnrin kan di ojú, ó ń fi èékánná yí inú òrùka irin kan lọ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń wá ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ. Oòrùn àárọ̀ gba ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wọlé, ó bà lé iwájú orí rẹ̀. Ọmọkùnrin Bàbá Onípákó dúró níbẹ̀, ó gbàgbé ohun tó torí rẹ̀ wá.

"Ẹ wọlé, ẹ má dúró bí òpó," obìnrin náà wí. Kò tíì ṣí ojú.

Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ ni àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ ohun tó ń pa bẹ́ríǹ, irin róbótó tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Èyí tí ọkùnrin yìí gbé wá ni ìkẹta tó bàjẹ́ láàárín oṣù mẹ́rin nílé ìlagi bàbá rẹ̀. Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ tú u, ó nù ún, ó sì mú ìka ọkùnrin náà lé ojú ibi tí àwọn ọmọ irin inú rẹ̀ ń yí lé.

"Kí lọwọ́ yín bà?"

Àyà rẹ̀ tó ń lù kìkì ló kọ́kọ́ gbọ́. Nígbà tó yá, ìka rẹ̀ rí wọn: kòtò wẹ́wẹ́, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, àlàfo wọn dọ́gba.

"Eruku kì í tò báyìí," obìnrin náà wí. "Òòlù ni wọ́n fi lù ú wọlé. Bí òòlù bá ti bà á, ọmọ irin kọ̀ọ̀kan á tẹ kòtò síbi tó wà. Ẹ̀rọ á wá máa kùn títí yóò fi dákẹ́. Ta ló ń bá yín fi í sí i?"

Wọ́n ní ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni í bá. Ọkùnrin yìí ò sọ òkò kankan, síbẹ̀ òkò ti bá bàbá rẹ̀.

"Bàbá àgbà kan ni," ó wí, ó wolẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, kò sóhun tí kì í bàjẹ́ nílé ìlagi. Lọ́jọ́ kan, bẹ́ríǹ tuntun tó ṣì wà nínú ọ̀rá ló gbé wá.

"Kí ló ṣe èyí?" Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ bi í.

"Ó ní òun ò rí ẹ láti ọjọ́ mẹ́ta."

Ó rẹ́rìn-ín títí. "Fa àga, olólùfẹ́ bẹ́ríǹ. Má parọ́ mọ́ irin mọ́."

Àṣìṣe ọkùnrin náà ni pé ó sọ ọ̀rọ̀ méjì fún bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: pé òun ti rí aya, àti pé aya náà ní òòlù ló ń ba bẹ́ríǹ wọn jẹ́.

"Kí wọ́n tó bí i ni mo ti ń kan bẹ́ríǹ," bàbá náà wí. "Kò ní wọ ilé mi."

Nígbà tí Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ gbọ́ pé bàbá kọ̀, ó gbé irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Mi ò fẹ́ kí ìwọ àti bàbá ẹ jà nítorí mi. Lọ bẹ̀ wọ́n."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi bẹ̀ wọ́n, bàbá kọ̀ jálẹ̀. Bẹ́ríǹ ìkẹrin sì tún kùn, ó kú. Bàbá fi aṣọ dì í, ó jáde láìsọ fún ẹnì kan. Ọmọ rẹ̀ tẹ̀lé e lókèèrè títí dé ṣọ́ọ̀bù, ó fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Ọmọ mi, irú èèyàn wo ló ba èyí jẹ́?" ó gbọ́ tí bàbá béèrè.

Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ ò mọ̀ ọ́n rí. Ó fọwọ́ yí inú irin náà. "Ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀rọ rẹ̀ ni, bàbá. Ó nù ún mọ́ tónítóní kó tó lù ú. Kò kàn sẹ́ni tó fi ọ̀nà mìíràn hàn án ni."

Bàbá fa àga sún mọ́ ọn. "Fi hàn mí."

Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ gbé epo kaná, ó ki bẹ́ríǹ tuntun bọ̀ ọ́ títí ooru fi mú kí ihò rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó gbé e sórí ọ̀pá irin. Bẹ́ríǹ yọ̀ wọlé fúnra rẹ̀, ẹnì kan ò lù ú.

"Ọgbọ̀n ọdún," bàbá wí jẹ́jẹ́. "Èmi ni mo ń lù ú."

Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni."

"Dìde. Ìwọ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọlé. Láti ilé ni mo ti ń gbọ́ bàtà ẹ. Ṣé òun nìyí?"

"Òun ni, bàbá."

"Mú un wá kí ìyá ẹ lọ́jọ́ Àìkú." Ó gbé fìlà rẹ̀, ó lọ.

Ó wá ku àwọn méjèèjì.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko," Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ wí.

"Ìwọ lo ní kí n lọ bẹ̀ wọ́n."

"Mi ò ní kó o pẹ́."

"Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Màá fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n epo yìí ṣì gbóná, mi ò lè fi í sílẹ̀. Jókòó kó tutù, ká jọ lọ sọ fún ìyá mi."

Ó jókòó tì í. Wọ́n ń dúró de epo, kò sì sẹ́ni tó ń kánjú nínú wọn.