Ọkọ̀ Tí Ọláyanjú Kọ̀ Láti Wọ̀

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ń ṣú ni Àrìnkẹ́ kọ́kọ́ rí Olúsànyà, tí ó ń fi èjìká ti ọkọ̀ dúdú gbọọrọ kan wọ ọgbà mẹkáníìkì bàbá Àrìnkẹ́ ní Ṣógúnlé. Òógùn ti lẹ kóòtù dúdú rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Àwọn tí ó jókòó lẹ́bàá ọ̀nà dìde, wọ́n yà fún un, nítorí ọkọ̀ tí a fi ń gbé òkú ni. Àrìnkẹ́ nìkan ni ó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, tí ó sì fi èjìká tirẹ̀ tì í.

"Ẹ ṣé o, àǹtí. Kò sí ẹnìkankan nínú rẹ̀ lónìí."

"N kò bèèrè. Kí ni jíà rẹ̀ ń ṣe?"

"Ó ti ń ta ènìyàn láti ọjọ́ pípẹ́. Bí ó bá fẹ́ bọ́ sí jíà kejì, pósí á sún, àwọn ọmọ olóòkú á sì tún bú sẹ́kún. Lónìí, ó kọ̀, kò lọ mọ́. Àwọn èrò mi kì í ráhùn, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ tún un ṣe kí wọ́n má mọ ìgbà tí jíà yí."

Ọláyanjú, bàbá Àrìnkẹ́, ọmọ Ṣàgámù, ni ọ̀gá nínú àtúnṣe jíà tí ń yí fúnra rẹ̀. Òun ni ó kọ́ ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo níṣẹ́ lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀. Òfin rẹ̀ ni pé ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ kúrò ní ọgbà àfi bí òun bá jókòó sínú rẹ̀, tí òun tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí ara ọkọ̀ náà, tí wọ́n sì wà á dé Jakande kí wọ́n tó yí padà. Ó tún gbàgbọ́ pé jíà gbọdọ̀ le. A máa wí pé, "Jíà tí ó bá rọ̀ yóò jó."

Àrìnkẹ́ tú ọpọlọ jíà náà, èyí tíí ṣe awo irin oníhò kọ́lọkọ̀lọ tí epo ń gbà kọjá láti pàṣẹ pé kí jíà yí. Ó fi epo bẹntiróòlù fọ ìdọ̀tí inú rẹ̀. Ó yọ sípíríǹgì líle, ó fi èyí tí ó rọ̀ rọ́pò rẹ̀, kí epo lè máa fi sùúrù ti jíà. Olúsànyà di tọ́ọ̀ṣì mú fún un bí ó ti ń dá àwọn ọmọ irin róbótó padà sí ihò wọn.

"Ẹ má mí sí i. Bí ọ̀kan bá sọnù, ẹ̀yin ni ẹ óò máa ti ọkọ̀ yìí dé ibojì."

"Bí ẹ óò bá máa bá mi tì í, ẹ jẹ́ kí ó sọnù."

Àrìnkẹ́ kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ní kí ó sún tọ́ọ̀ṣì mọ́ òun sí i.

Ọláyanjú kọ̀ láti wọ ọkọ̀ òkú dán an wò, ọkọ̀ náà nìkan ni ó sì kúrò ní ọgbà láìjẹ́ pé ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí i. Nígbà tí Olúsànyà sì padà wá, lẹ́yìn oṣù mélòó kan, láti sọ pé òun fẹ́ fi Àrìnkẹ́ ṣe aya, bàbá náà wò ó láti òkè dé ilẹ̀.

"Ọjọ́ tí mo bá wọ inú ọkọ̀ yẹn, tí n kò sì mọ ìgbà tí jíà rẹ̀ yí, ọjọ́ náà ni n ó fún ọ ní ọmọ mi. Kí n tó kú ni mo wí o."

Láti ìgbà náà, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Àgọ́ Palace ni àwọn méjèèjì ti ń rí ara wọn lẹ́yìn ìsìn.

"N kò ní fẹ́ ọ láìjẹ́ pé bàbá mi fọwọ́ sí i, Sànyà. Èmi nìkan ni ó kù fún un."

"Aya mi tí n kò tíì san owó orí rẹ̀, ta ni ó ní kí o ṣe bẹ́ẹ̀? N ó dúró. Iṣẹ́ mi ti kọ́ mi ní ìdúró."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ọláyanjú di àyà mú, ó sì ṣubú sẹ́nu iṣẹ́. Ọkọ̀ kún inú ọgbà, ṣùgbọ́n wọ́n ti tú jíà gbogbo wọn sílẹ̀. Àrìnkẹ́ pe Olúsànyà, tí ó ń ti ibi ìsìnkú bọ̀ nítòsí.

"Kì í ṣe ọkọ̀ yẹn," ni bàbá náà ń wí.

"Bàbá, òun nìkan ni ó lè rìn."

Ibi tí a ń tẹ́ pósí sí ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Àrìnkẹ́ kúnlẹ̀, ó gbé orí rẹ̀ lé itan. Ọkọ̀ kọrí sí ilé ìwòsàn ní Ìsọlọ̀. Ọláyanjú di ojú, ó sì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí ilẹ̀ ọkọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

"Kí ló dé tí ó ń wọ́ ọkọ̀ ní jíà kìíní? Sọ fún un kí ó jẹ́ kí ó yí."

Àrìnkẹ́ wo iwájú. "Ó ti wà ní ìkẹrin, Bàbá."

Bàbá rẹ̀ tún tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀. "Sípíríǹgì wo lo fi sí i?"

"Èyí tí ó rọ̀."

"Yóò jó."

"Kò tíì jó, Bàbá."

Omijé ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ojú bàbá náà. "Ọmọkùnrin."

"Sà."

"N kò mọ ìgbà tí ó yí. N kì í yẹ ọ̀rọ̀ mi. Mo fún ọ. Ṣùgbọ́n máa pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lásìkò."

Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti kú.

Ọkọ̀ kan náà ni ó gbé e lọ sí Ṣàgámù. Àrìnkẹ́ jókòó ti pósí, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí ilẹ̀ ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n dé, Olúsànyà ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

"Bí ọ̀fọ̀ bá parí, n ó wá tọrọ rẹ lọ́wọ́ àwọn ẹbí rẹ."

"N ó dúró," ni Àrìnkẹ́ wí.

Olúsànyà bọ́ kóòtù iṣẹ́ rẹ̀, ó fi í sórí àga awakọ̀. Ó wọ àárín àwọn ọmọ ẹbí bí àna, ó sì fi èjìká gbé pósí. Àrìnkẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ kejì, ó fi èjìká tirẹ̀ sí i.