Ta Ló Dáhùn Fún Alhaja Àlímọ̀t?

Òórùn ló kọ́kọ́ pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n tó rí òkú.

Òórùn òtápíápíá ni, oògùn kòkòrò tí wọ́n máa ń rọ sínú ìgò kéékèèké tà káàkiri Ìsàlẹ̀ Èkó. Ó kún inú yàrá náà débi pé Sájẹ́ńtì Tìjání fi apá aṣọ bo imú. Ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn lára ògiri. Otútù ibẹ̀ wọ egungun. Alhaja Àlímọ̀t wà lórí àga lábẹ́ fèrèsé, orí rẹ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìborùn funfun rẹ̀ ti yọ̀ wá sí èjìká. Ife kan dojú dé lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Fúláàsì àgbo rẹ̀ wà lórí tábìlì, ó ṣí sílẹ̀.

Inspẹ́kítọ̀ Theodora Joaquim dúró láàárín yàrá, kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ọmọ Àgùdà ni, Lafiaji ni wọ́n bí i sí, irú ilé alájà òkè báyìí sì ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Èyí ti di gbọ̀ngàn ìpàdé yunifásítì kan. Nísàlẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé ti péjọ láti àárọ̀ fún àpérò lórí ohun tí àrùn Kòrónà fojú aráàlú rí, lórí ẹ̀rọ ìgbàlódé, àti lórí ìmọ̀ àwọn baba ńlá wa. Alhaja ló yẹ kó bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án. Elewé ọmọ ni. Kò sí agboolé lẹ́yìn Adéníji Adélé tí kò mọ̀ ọ́n, nítorí òun ló ń po àgbo fún wọn nígbà tí ìjọba ti ìlú pa.

Lóde, òjò ti ṣú dẹ̀dẹ̀ sórí ọ̀sà, kò sì rọ̀.

Dókítà àwọn ọlọ́pàá dìde lẹ́bàá òkú, ojú rẹ̀ ò fara rọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òkú ti ń gan, ó ní. Bí kì í bá ṣe ti ohun tí àwọn èèyàn ń sọ nísàlẹ̀, òun ì bá ní àárọ̀ ni obìnrin yìí ti kú, kí àpérò tó gbéra rárá. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí otútù yàrá ti da ìṣirò òun rú.

Ohun tí wọ́n ń sọ nísàlẹ̀ kò ṣòroó gbọ́, gbogbo gbọ̀ngàn ló ń sọ ọ́. Nígbà tí oúnjẹ ọ̀sán ku díẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Jeremy Dáfídì, olórí àpérò náà, pe Alhaja lórí fóònù láti orí pèpéle. Ó gbé fóònù sẹ́nu makirofóònù, gbogbo wọn sì gbọ́ ohùn Alhaja ketekete: "Mo gbọ́, ọmọ mi. Mò ń bọ̀ wá bá yín." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n retí rẹ̀ títí. Nígbà tí wọ́n rán èèyàn lọ sókè, òkú ló bá.

"Fóònù Alhaja dà?" Theodora béèrè.

Wọ́n tú àpò, wọ́n gbé àga, wọ́n wo abẹ́ ẹní ìrun. Kò sí fóònù.

Tìjání fa ọ̀gá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Màdáámú, ó jọ pé fúnra ìyá yìí ló mu ún. Ta ló máa gbóòórùn yìí, tí á tún gbé e sẹ́nu?"

"Ẹni tó bá fẹ́ para rẹ̀ kì í jí fóònù ara rẹ̀ gbé," Theodora dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ọkùnrin náà wọ̀ ọ́ lára. Ta ló máa gbóòórùn yìí, tí á gbé e sẹ́nu?

Èèyàn mẹ́ta ló ti súnmọ́ fúláàsì náà látìgbà tó ti kúrò nílé. Ó ní kí wọ́n kó wọn wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

Jíbrílù ló kọ́kọ́ wọlé, àbúrò ọkọ Alhaja tó ti dolóògbé. Òun náà ń ta ewé àti egbò. Òun ló gbé fúláàsì wá láti ilé láàárọ̀, ó fà á lé wọn lọ́wọ́ lẹ́nu géètì, ó sì jókòó síbẹ̀ títí ariwo fi ta. Kò jiyàn pé òun àti Alhaja ti bára wọn jà lọ́sẹ̀ yẹn. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun fẹ́ dìde láàárín àwọn alákọ̀wé yìí, kó sì sọ ohun tí yóò ba ọjà gbogbo wọn jẹ́.

"Kí ló fẹ́ sọ, bàbá?"

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. "Ọ̀rọ̀ àwọn tó kú ni. Mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n sùn."

Ó dìde, ó sì jáde.

Dókítà Taslimah ló tẹ̀ lé e, olùkọ́ nípa kọ̀ǹpútà, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Òun ló gba fúláàsì lọ́wọ́ Jíbrílù, tó gbé e sórí tábìlì níwájú Alhaja, tó sì jáde. Òun náà ló ṣe Ohùn Àgbà, ẹ̀rọ orí fóònù tí wọ́n ti ń dán wò lọ́wọ́ àwọn aráàdúgbò, tí yunifásítì sì fẹ́ fi han ayé níbi àpérò yìí. Èèyàn á kọ ìbéèrè sí i, ẹ̀rọ á sì fi ohùn Alhaja dáhùn, bí ẹni pé ìyá náà jókòó tì í. Theodora ní kó ṣe é kí òun rí i. Taslimah tẹ nǹkan sórí fóònù, ohùn àgbàlagbà kan tó mọ́ gaara sì kí wọn káàsán.

"Ibo lẹ ti rí ohùn náà?"

"Ọ̀jọ̀gbọ́n Dáfídì ló gbà á sílẹ̀ nígbà kan, kí Kòrónà tó dé. Èmi kàn fi kọ́ ẹ̀rọ ni."

Ó jẹ́wọ́ pé Alhaja ti bá òun jà lórí àtẹ̀gùn lánàá, ó ní kí òun yọ ohùn òun kúrò nínú ẹ̀rọ náà. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ń pe fóònù lórí pèpéle, òun wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn gbọ̀ngàn, òun nìkan. Àtẹ́wọ́ nìkan lòun gbọ́. Tìjání wo ọ̀gá rẹ̀ lójú. Ọkàn rẹ̀ ti mú ẹni tó fẹ́ mú.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Dáfídì ló ṣìkẹta. Ó nu awò ojú rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó wà nílé ọ̀fọ̀. Ó kí Alhaja láàárọ̀, ó bá a ní àlàáfíà, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ ṣí àpérò. Látìgbà náà, kò kúrò lójú gbogbo gbọ̀ngàn. Theodora béèrè bóyá ó mọ ìyá náà dáadáa.

"Iṣẹ́ ló pa wá pọ̀. N ò dé ilé rẹ̀ mọ́ látìgbà tí mo ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé tí mo kọ nípa àgbo rẹ̀, orí fóònù la ti sọ ọ́."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ já geere. Gbogbo gbọ̀ngàn ni ẹlẹ́rìí rẹ̀.

Khairiyyah dé nígbà tí wọ́n ń gbé òkú sọ̀ kalẹ̀. Òun nìkan ni ọmọ tí Alhaja ní, tísà ni nílé ìwé kan lẹ́bàá Marina. Kò pariwo. Ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ lórí aṣọ tí wọ́n fi bò ó, lẹ́yìn náà ló dúró ti ògiri. Bí òórùn yàrá ṣe fẹ́ lù ú, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì dijú.

Theodora rí i. Nígbà náà ni ohun tó ti ń wá láti ọ̀sán yọ sí i lọ́kàn. Lọ́dún Kòrónà, ó jókòó sí ilé ìdáná rẹ̀, ẹ̀wà jóná di èédú lórí iná, imú rẹ̀ kò gbóòórùn rẹ̀. Èéfín ló fojú rí.

"Ẹ má bínú," ó wí, "ṣé Alhaja ṣì ń gbóòórùn?"

Khairiyyah yíjú wò ó. "Ta ló sọ fún yín?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi."

Ìgbà náà ni ọmọbìnrin yìí jókòó. Kòrónà ló pa imú ìyá òun, ó ní, kò sì jí mọ́. Elewé ọmọ tí kò gbóòórùn ewé, ta ni yóò tún rajà lọ́wọ́ rẹ̀? Nítorí náà ni wọ́n ṣe bò ó mọ́lẹ̀. Òun ló ń bá ìyá òun gbóòórùn ewé láràárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Jíbrílù pàápàá kò mọ̀.

"Kò sẹ́lòmíràn tó mọ̀?"

"Ẹnìkan ṣoṣo. Ó wá wò ó nígbà tó ń ṣàìsàn lọ́wọ́, ó dúró lóde fèrèsé pẹ̀lú ìbomú, ó ń béèrè ọ̀rọ̀ àgbo fún ìwé tó ń kọ. Màmá sọ fún un. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, ọmọ ni wọ́n ń pè é. Ọ̀jọ̀gbọ́n Dáfídì ni."

Tìjání mí kanlẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ní òun kò dé ilé ìyá náà mọ́. Ṣùgbọ́n orí pèpéle ni ọkùnrin náà wà, Tìjání ní, nígbà tí Alhaja ṣì ń sọ̀rọ̀.

"Bóyá," Theodora wí. Yunifásítì ti ń gbé àpérò náà sórí afẹ́fẹ́ láti àárọ̀. Ó ní kí wọ́n wá ibi tí ìpè fóònù wà, kí wọ́n sì gbé e fún Khairiyyah gbọ́.

Mo gbọ́, ọmọ mi. Mò ń bọ̀ wá bá yín.

Omi bọ́ lójú Khairiyyah fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ohùn màmá mi ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohùn wọn ti ìsinsìnyí. Látìgbà àìsàn yẹn ni ohùn wọn ti há, ó dà bí ẹni pé yanrìn wà nínú rẹ̀. Ọdún wo ni mo ti gbọ́ èyí gbẹ̀yìn?"

Wọ́n pe Jíbrílù, òun náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n pe Taslimah. Àwọ̀ rẹ̀ ṣí kí wọ́n tó gbọ́ ọ tán. "Ẹ̀rọ mi nìyẹn," ó wí.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì wà ní gbọ̀ngàn, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ṣíṣú òjò ti mú kí ibẹ̀ ṣókùnkùn bí ìrọ̀lẹ́. Theodora rìn tọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Dáfídì lọ níbi tó jókòó sí níwájú.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rí ìpè tí ẹ pe Alhaja lórí fóònù yín."

Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí àpò, ó sì dúró síbẹ̀.

"Kò sí níbẹ̀," Theodora wí. "Ẹ kò pe ẹnikẹ́ni, ìdí nìyẹn tí fóònù Alhaja fi sọnù, ká má baà rí i pé ìpè kankan kò wọ inú rẹ̀. Ẹ̀rọ Dókítà Taslimah ló dáhùn nínú fóònù yín, àwọn èèyàn yìí kò sì gbọ́ ohùn Alhaja rí àyàfi láti inú ẹ̀rọ náà. Ẹni tó bá pa á lọ́sàn-án kò nílò kí òkú sọ̀rọ̀. Ẹni tó pa á láàárọ̀, tó sì wà lójú gbogbo ayé látìgbà náà, òun ló nílò rẹ̀. Òun náà ló mọ̀ pé ìyá yìí lè mu òtápíápíá láìfura."

Tìjání tú báàgì àpérò tó wà lábẹ́ tábìlì orí pèpéle. Fóònù Alhaja wà nínú rẹ̀, wọ́n ti pa á. Orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n ló wà lára báàgì náà.

Ọkùnrin náà yọ awò ojú rẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, àwọn tó jókòó lẹ́yìn dìde dúró kí wọ́n lè gbọ́.

Ó ní òun ti kọ ọ́ sínú ìwé pé kò sẹ́ni tó kú nínú agboolé náà nínú gbogbo àwọn tó mu àgbo. Ìwé yẹn ló gbé òun ga, orí rẹ̀ ni wọ́n kọ́ gbogbo àpérò yìí lé. Irọ́ sì ni. Èèyàn kú níbẹ̀, ọkọ Alhaja pàápàá wà lára wọn. Alhaja ti ka orúkọ wọn fún òun lójú fèrèsé, òun sì yọ gbogbo wọn kúrò. Ìyá náà kò mọ̀ọ́kà, kò mọ ohun tí òun kọ. Àfi lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú fóònù aládùúgbò kan, tó ń sọ fún abiyamọ pé kó má gbé ọmọ tí ibà ń ṣe lọ sí ọsibítù, pé àgbo tó. Ìgbà náà ló búra pé òun yóò pe orúkọ àwọn òkú náà lójú gbogbo èèyàn.

"Mo bẹ̀ ẹ́ láàárọ̀," ó wí. "Ó ní òun dárí jì mí, ṣùgbọ́n òun máa sọ ọ́. Orí ẹní ìrun ló wà nígbà tí mo da nǹkan náà sínú fúláàsì. Nígbà tó kírun tán, ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Ó ní kí n bá òun bu àgbo. Mo bù ú. Ó fọwọ́ méjèèjì gbà á lọ́wọ́ mi, ó sì ṣàdúà fún mi kó tó mu ún. Ó ní bí mo ṣe tọ́jú òun yìí, ọmọ tèmi náà yóò tọ́jú mi."

Tìjání fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́, ó mú un jáde láàárín wọn.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Theodora bá Khairiyyah lórí àtẹ̀gùn. Obìnrin náà béèrè ohun kan ṣoṣo: ìgbà wo ni wọn yóò yọ̀ǹda òkú, kí òun lè wẹ ìyá òun, kí wọ́n sì kírun sí i lára.

Ó yẹ kí Theodora ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Òfin iṣẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ibùdó Kòrónà ni ìyá tirẹ̀ kú sí, àwọn tó bo ara láti orí dé ẹsẹ̀ ló sin ín, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ kó súnmọ́ ibẹ̀. Ó pe dókítà. Dókítà ní kò ṣeé ṣe. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Khairiyyah, ó tún un pè, kò sì jáwọ́ títí ọkùnrin náà fi gbà pé òun á parí iṣẹ́ òun lálẹ́ yìí, kí wọ́n wá gbé ìyá náà láàárọ̀ ọ̀la.