Awakọ̀ Orí Iyanrìn

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni tó wà lẹ́yìn kó bọ́ síwájú, ẹni tó ń jẹ nǹkan kó yáa gbé e mì, torí orin wà nínú ìtàn mi, ẹnu tó kún kò sì lè gbè é.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ̀ ìbejì márùn-ún tò sórí iyanrìn etí òkun. Ọkọ̀ ìbejì ni wọ́n ń pè é torí ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni, irin ló so wọ́n pọ̀, àwọ̀n líle tí èèyàn ń jókòó lé sì nà sáàárín wọn bí ẹní. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan nínú wọn ni Kókó wà, sípánà lọ́wọ́. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Kò sí okùn tó máa rí tí kò ní ta ní kókó, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin àti ọmọ aránṣọ, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló fẹ́ fi ọkọ̀ náà díje. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa sáré, ọkọ̀ méjì péré ni olùkọ́ wọn sì máa mú lọ síbi ìdíje ńlá. Ọdún mẹ́ta ni Ẹ̀gbọ́n ti ń retí ọjọ́ yìí. Bí wọn ò bá mú un lọ́tẹ̀ yìí, á ti dàgbà ju ẹni tí wọ́n ń gbà lọ, ó parí nìyẹn.

Ìgbòkun ńlá kan wà tí wọ́n máa ń ta síwájú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bí atẹ́gùn bá ń ti ẹ̀yìn bọ̀. Bó bá ti gba afẹ́fẹ́, á wú rògòdò bí ikùn aláboyún. Oníkùn ni wọ́n ń pè é. Okùn kan ló ń fà á sókè, irin kékeré kan tó ní eyín méjì ló sì ń bu okùn náà jẹ kó má baà sá padà. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ Oníkùn kalẹ̀, wọ́n á gbé okùn yẹn sókè díẹ̀ kúrò lẹ́nu eyín, á já bọ́. Eyín irin ti ọkọ̀ Ẹ̀gbọ́n ti gbó. Ẹ̀gbọ́n ìyá wọn ọkùnrin, tó ń tún ọkọ̀ ṣe, tí gbogbo wọn ń pè ní Bàbá, ló gbé eyín irin tuntun lé Kókó lọ́wọ́.

"Má ṣe wà lórí ìdúró dè é mọ́ ọkọ̀ o," ni Bàbá wí. "Lọ dùbúlẹ̀ sórí àwọ̀n, níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ máa fara tì sí. Ibẹ̀ ni kó o ti fa okùn, ibẹ̀ ni kó o ti tú u. Tó bá já wẹ́rẹ́, kó o wá fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ le. Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bọ́mọdé gorí igi kò lè rí i."

"Mo ti gbọ́, Bàbá."

Ó sì gbọ́ lóòótọ́. Ó dùbúlẹ̀, ó na ẹsẹ̀, ó di okùn mú. Àfi bí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ṣe yọ, tí Ẹlẹ́nu ṣáájú wọn. Ọmọ yẹn, bó bá yán, àwàdà ló máa bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ yà wá wò ó! Kókó ń tukọ̀ lórí ilẹ̀! Ìlú wo lò ń lọ, ọ̀gá awakọ̀? Bá wa ra búrẹ́dì bọ̀ o!"

Ló bá dá orin, àwọn yòókù ń gbè é:

*Awakọ̀ orí iyanrìn o,*
*Tukọ̀, tukọ̀!*
*Omi ò sí, ó ń lúwẹ̀ẹ́ o,*
*Tukọ̀, tukọ̀!*

Ojú ti Kókó dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó dìde fùú, ó gbọn iyanrìn ara rẹ̀ nù, ó dúró ṣánṣán bí ẹni ńlá, ó fa okùn. Ó já wẹ́rẹ́. Ó fún nọ́ọ̀tì.

"Ṣé o dán an wò?" Bàbá bi í.

"Ó já wẹ́rẹ́, Bàbá."

Òótọ́ ni, ẹ̀yin ọmọ mi, àmọ́ òótọ́ ọ̀hún ń tiro.

Ìdíje bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ Ẹ̀gbọ́n ló ṣáájú, Oníkùn wú, ó rẹwà lójú. Wọ́n dé ibi àgbá pupa tó léfòó, níbi tí wọ́n ti gbọ́dọ̀ sọ ìgbòkun yẹn kalẹ̀ kí wọ́n tó yí. Ẹ̀gbọ́n fa okùn. Kò já. Ó tún fà á. Ọwọ́ ẹni tó dúró ni Kókó kọjú eyín náà sí. Ẹni tó wà nílẹ̀ lórí àwọ̀n, bó ṣe ń fà á ló ń ti okùn wọnú eyín sí i. Atẹ́gùn gba Oníkùn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọkọ̀ sì dojú dé, gbàà!

Kò sẹ́ni tó fara pa púpọ̀. Wọ́n gbé ọkọ̀ dìde, àmọ́ àwọn ló kẹ́yìn.

"Ọwọ́ ẹ ti rọ̀ jù," ni ọmọ aránṣọ ń kùn bí wọ́n ṣe gúnlẹ̀.

"Ẹni tó ta eyín yẹn fún yín ló lù yín ní jìbìtì," ni Ẹlẹ́nu dá sí i.

Ẹ̀gbọ́n tẹjú mọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tí okùn ti bó. "Bóyá mi ò lágbára tó lóòótọ́," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Kókó lọ́kàn. Tó bá dákẹ́, ta ló máa mọ̀? Ẹ̀gbọ́n á ru ẹ̀bi, ẹni tó ta eyín á ru ẹ̀bi, òun á sì sùn dáadáa. Sùn kẹ̀?

"Kì í ṣe ọwọ́ yín, ẹ̀gbọ́n mi," ló ké jáde. "Èmi ni. Orí ìdúró ni mo wà tí mo fi dè é. Wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mi ò fẹ́ dùbúlẹ̀ lójú wọn. Ẹ dákun, ẹ má bínú."

Ẹ̀gbọ́n wò ó títí. "Inú ń bí mi o, Kókó," ló wí. "Àmọ́ ó kù díẹ̀ ká tún sáré. Tún un ṣe."

Bàbá na sípánà sí i.

Kókó dùbúlẹ̀ gbọọrọ sórí àwọ̀n, lójú gbogbo ayé. Ó tú nọ́ọ̀tì, ó tẹ orí eyín wálẹ̀, ó fà, ó tú, ó tún fà, ó wá fún nọ́ọ̀tì le. Ẹnìkan nínú àwọn ọmọ náà ti ń rẹ́rìn-ín, ẹnu Ẹlẹ́nu sì ti ń yún un. Kó tó lanu, Kókó fúnra rẹ̀ ló gbé orin:

*Orí iyanrìn ni mo ti kọ́ ọ o,*
*Tukọ̀, tukọ̀!*
*Kómi ó má baà kọ́ mi o,*
*Tukọ̀, tukọ̀!*

Ta ló gbè é? Ẹlẹ́nu ni! Kò lè rí orin kó má gbè é.

Lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tí wọ́n dé ibi àgbá pupa, Ẹ̀gbọ́n kàn gbé okùn báyìí, pẹ́ẹ́, Oníkùn sì rọ̀ wálẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n ká lórí okùn. Àwọn ló gba ipò kìíní. Nígbà tí olùkọ́ pa eré méjèèjì pọ̀, ipò kejì ló bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Gbogbo èèyàn ti rò pé àwọn ló máa ṣáájú, ẹ̀yìn ni wọ́n wá gbà wọlé, bí ẹni tó fi ìka ẹsẹ̀ dí ilẹ̀kùn kó má baà tì. Wọ́n ṣáà wọlé.

"Ìwọ ni wàá máa de eyín irin mọ́ ọkọ̀ wa," ni Ẹ̀gbọ́n wí, ó fi ọwọ́ tó bó náà gbá a lórí. "Ìgbàkígbà tí o bá dìde kó o tó dán okùn wò tán, màá fi okùn yẹn dè ọ́."

Ẹlẹ́nu ti dùbúlẹ̀ sórí àwọ̀n. "Kókó, wá fi hàn mí. Ibo ni mo máa fà?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀rín ẹgbẹ́ kì í pẹ́ tán, àmọ́ iṣẹ́ tí ẹ torí rẹ̀ bà jẹ́, ẹlòmíì ló máa gbé e dé ojú omi. Ẹ máa ṣiṣẹ́ láti ibi tí ẹni tó máa lò ó wà. Bẹ́ ẹ bá ṣàṣìṣe, ẹ tètè jẹ́wọ́ nígbà tí àyè àtúnṣe ṣì wà.

Ìyá wọn gbé ìkòkò ìrẹsì àti ẹja dé. Wọ́n bu fún olùkọ́, wọ́n bu fún Bàbá, wọ́n bu fún ọmọ aránṣọ, Ẹlẹ́nu sì gba ẹ̀ẹ̀mẹta. Wọ́n fọ àwo nínú òkun, oníkálukú forí lé ilé rẹ̀ pẹ̀lú iyanrìn lẹ́sẹ̀ àti orin lẹ́nu, ikùn gbogbo wọn sì wú bí ìgbòkun.