Iná Wẹ́dà Kọ́

Ìgbéyàwó ku ọ̀sẹ̀ kan nígbà tí Ọlọ́dà, ọmọbìnrin tó ń kun géètì, sá fún Wẹ́dà, ọkùnrin tó ń jó géètì, tí ikọ́ ń dà láàmú. Kò jà, kò dágbére. Ìyá rẹ̀ ló ránṣẹ́ pé, "Mi ò lè fi ọmọ mi fún ikọ́ ṣaya."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Wẹ́dà léegun. Nídìí géètì ni wọ́n kúkú ti pàdé, tí ọmọbìnrin náà ṣèèṣì fi ọ̀dà búlúù kùn ún nímú, tó ní, "Ẹ má bínú, mo ṣe bí ẹ̀yin náà jẹ́ irin ni."

Ọdún gorí ọdún. Oògùn pa ikọ́ náà lẹ́nu mọ́, ikọ́ tó wá látinú kókó tó sú sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, tí àwọn dókítà ń pè ní sakoidósíìsì. Ìbínú rẹ̀ ni kò rí oògùn. Bí wọ́n bá dárúkọ Ọlọ́dà, á tutọ́.

Nígbà tí ojú rẹ̀ wá pọ́n, tí ìmọ́lẹ̀ ń gún un bí abẹ́rẹ́, ó rẹ́rìn-ín.

"Iná wẹ́dà ni. Wẹ́dà wo lojú ẹ̀ kì í pọ́n?"

Ó ń fomi tútù bọ́jú. Ojú òsì ṣú, ó ṣì ń jó irin. Nígbà tí ọ̀tún náà ń ṣú lọ, ó jó géètì kan tí apá méjèèjì rẹ̀ kò pàdé ara wọn. Oníbàárà figbe ta: "Bọ̀dá, ṣé afọ́jú ló ṣe èyí ni?"

Igbe yẹn ló dé etí Ọlọ́dà. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù láìkí ẹnikẹ́ni.

"Dìde. Ó di ọ̀dọ̀ dókítà ojú."

Wẹ́dà mọ ohùn náà. "Ìwọ! Ṣé ìyá ẹ ti wá ń wá ikọ́ fẹ́ báyìí ni?"

"Máa bú mi lọ lójú ọ̀nà. Dìde, olóríkunkun."

Kò rí ẹnu ọ̀nà mọ́. Ọwọ́ Ọlọ́dà ló dì mú.

Dókítà tan iná sí ẹyinjú rẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

"Iná wẹ́dà kọ́. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró yín ló dé ojú. Nígbà mìíràn, kì í tilẹ̀ dunni tí á fi bà á jẹ́. Tòsì ti lọ. Tọ̀tún, a máa gbìyànjú, àmọ́ ẹ ti pẹ́. Ṣé kò sẹ́ni tó sọ fún yín pé kẹ́ ẹ máa wá yẹjú wò ni?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi!" Wẹ́dà kígbe. "Ẹ gbà mí, dókítà, ojú yìí ni mo fi ń jẹun!" Ó fún ọwọ́ Ọlọ́dà pọ̀ bí ẹni tó ń rì sómi. "Àbí wọ́n sọ ọ́? Ìwọ la jọ lọ yẹ àyà mi wò nígbà yẹn."



"Wọ́n ń ya fọ́tò àyà ẹ lọ́wọ́," Ọlọ́dà ní, "ni dókítà ìgbà yẹn pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní kí n sọ fún ẹ pé kí wọ́n máa yẹ ojú ẹ wò lọ́dọọdún, bí kò tiẹ̀ dùn ẹ́. Mo ti ń múra àtisá lọ. Ojú ẹ ń tì mí. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà sá lọ."

Wẹ́dà fẹ́ já ọwọ́ rẹ̀ gbà. Ọwọ́ náà kọ̀, kò gbọ́ tirẹ̀.

"Tún un sọ," ó ní. "Mi ò rí ojú ẹ."

"Màmá mi kọ́ ló sá fún ẹ, olùfẹ́ mi. Èmi ni. Mo mọ̀, mi ò sì sọ fún ẹ."