Adíyelé Tó Búra fún Irọ́ Ara Rẹ̀

Ìwọ tó o gbójú lé ọgbọ́n ara rẹ, fara balẹ̀ gbọ́ ti ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ojú-Àwòdì.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa díye lé àwòrán. Tó bá ti gbé awò sójú, tó ní ayédèrú ni, ọ̀rọ̀ parí. Kò tẹrí ba fún èèyàn, kò tẹrí ba fún Ọlọ́run. Bí àbúrò ìyàwó rẹ̀, tó ń kan férémù lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, bá ń sọ ti Jésù fún un, á ní kó gbé Jésù wá kóun yẹ̀ ẹ́ wò, kóun mọ̀ bóyá ojúlówó ni.

Lọ́jọ́ kan, màmá kan wọlé, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì. Ó gbé àwòrán tó ti wà lára ògiri rẹ̀ láti ogún ọdún wá. Ara pákó ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí kí wọ́n tó fi tàdáwà tẹ̀ ẹ́ sórí bébà: ẹja tó wọ bàtà, tó ń gun àkàbà lọ sínú òṣùpá. Ẹni tó ṣe é wà lára àwọn tó ń ya ohun tí èèyàn ń rí lójú àlá, ó sì ti kú. Èyí tó bá fi pẹ́ńsù kọ orúkọ sí nísàlẹ̀, owó gidi ni. Èyí tí kò kọ orúkọ sí, kò tó nǹkan. Òrùlé màmá ń jò. Àwòrán yìí ló fẹ́ tà kó fi tún un kàn.

Àwọn tó ń ra àwòrán pé yí tábìlì ká. Ojú-Àwòdì wo orúkọ tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ sí ti màmá títí. Ó ní láti ìgbà tóun ti ń ṣiṣẹ́, òun ò tíì rí èyí tó dájú tó bẹ́ẹ̀. Bí kì í bá ṣe ọwọ́ olóògbé náà, kí Ọlọ́run fọ́ òun lójú. Ọkùnrin kan ní òun máa rà á lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n ṣáà kọ ìwé ẹ̀rí.

Kí Ojú-Àwòdì tó kọ ìwé ẹ̀rí, ó gbé e lọ sẹ́yìn kí àbúrò tú férémù ògbólógbòó náà. Àbúrò yọ ìṣó, ó yọ páálí ẹ̀yìn rẹ̀, ó yí i padà, ó sì lọ ti ilẹ̀kùn.

Wọ́n ti fi pẹ́ńsù kọ orúkọ ayàwòrán náà sínú páálí, bí ọmọ tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé, nígbà mọ́kànlá. Òǹtẹ̀ ṣọ́ọ̀bù Ojú-Àwòdì wà ní igun rẹ̀.

Ìgbà yẹn ló rántí. Òun fúnra rẹ̀ ló fi páálí náà kọ́ ọwọ́ olóògbé, kó tó kọ ọ́ sára àwòrán tó tà, nígbà tó ṣì ń wá jíjẹ. Ó ti ṣe irú rẹ̀ débi pé kò mọ iye mọ́, òun náà ló sì tún búra fún un lónìí.

Síbẹ̀ kò rọ̀. Ó ní kí àbúrò dáná sun páálí náà, kó panu mọ́. Ta ló mọ̀?

Àbúrò na páálí sí i. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọwọ́ ara yín sun ún. Ojú tẹ́ ẹ fi ń yangàn, kò dá ọwọ́ ẹni tó ni ín mọ̀. Ẹ ń ṣe bí ẹni pé Jésù wá gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ yín. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló fẹ́ fi wẹ̀ yín."

Ojú-Àwòdì ṣáná. Ibẹ̀ ló ti gbóhùn màmá láti òdìkejì ògiri, tó ń gbàdúrà fún un pé ojú tó ń rí òtítọ́ ò ní fọ́ láéláé. Iná jó o lọ́wọ́, kò tiẹ̀ mọ̀. Ó kúnlẹ̀ sórí èérún igi. "Olúwa, ojú mi ti fọ́ tipẹ́. Ṣàánú mi."

Ó gbé páálí náà jáde, ó sì ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún gbogbo wọn. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n ní wèrè ti dé.

"Mo gbà," ló wí. "Nígbà tí mò ń parọ́, ọ̀gá lẹ̀ ń pè mí. Ẹ lọ tú férémù tiyín náà wò."

Màmá bi í pé: "Ọmọ mi, òrùlé mi ńkọ́?"

Ó ta ṣọ́ọ̀bù, ó kan òrùlé náà. Gíláàsì ló ń gé lọ́dọ̀ àbúrò báyìí, ẹni tó bá sì wá fi í ṣe yẹ̀yẹ́, yóò gbọ́ ti Jésù kó tó lọ.

Ìwọ tó ò ń kàwé yìí, má sọ pé ìwọ ò ṣe jìbìtì rí. O mọ ohun tó o ti ilẹ̀kùn mọ́. Èṣù á ní kó o dúró dọ̀la. Dá a lóhùn pé kì í ṣe òun ló ni ọ̀la. Bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ bá fẹ́, kí wọ́n bínú. Wọn ò kú fún ọ. Ẹni tó kú fún ọ ti jí dìde, ó ń pè ọ́. Kúnlẹ̀ níbi tó o wà yẹn.