Ẹni Tó Ń Fún Iredélé Lọ́mú

Omi ọmú ló wà létí ẹnu ọmọ náà. Kò pọ̀. Ó kàn funfun ní igun ẹnu rẹ̀, bí ìgbà tí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ọmú yó tí oorun sì gbé e lọ. Ohun tó mú kí Fọláhànmí dúró lójú kan, tòun taṣọ tó lọ ká lórí okùn, ni pé láti àárọ̀ ni Iredélé ti kọ ọmú òun. Ó ti gbé e sí i lẹ́nu títí ó fi sú u, àmọ́ ńṣe ni ọmọ ń yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó ti jẹun yó níbòmíràn. Kò sì sí ẹlòmíràn nínú ilé. Akínlolú, ọkọ rẹ̀, ti lọ sí yunifásítì Àkúrẹ́ níbi tó ti ń kọ́ni. Ilẹ̀kùn iwájú wà ní títì.

Ó fi ìka nù ún kúrò, ó gbé ìka náà sí imú. Omi ọmú ni lóòótọ́. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá ọmọ bì díẹ̀ nínú èyí tó mu lóru, ó sì lọ ká aṣọ rẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí lọ́jọ́ kejì, àti lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Ọmọ kò gba ọmú ìyá rẹ̀ mọ́ lọ́sàn-án. Ọyàn Fọláhànmí le bí òkúta, ó ń ro ó débi pé kò lè gbápá sókè dáadáa. Ńṣe ló ń wọ balùwẹ̀ lọ, á fún omi ọmú sínú abọ́, á dà á nù, á sì máa sunkún. Síbẹ̀, nígbà tó gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, nọ́ọ̀sì gbé Iredélé sókè, ó pariwo.

"Ìyá Iredélé, ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ wo itan ọmọ! Omi ọmú yín mà dára o."

Àwọn ìyá tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín, ọ̀kan nínú wọn sì bi í pé irú ẹ̀kọ wo ló ń mu. Fọláhànmí bá wọn rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ìyẹn ni òórùn bẹ̀rẹ̀. Òórùn oògùn tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ ilé ìwòsàn ni, èyí tó máa ń ta sánsán sí ènìyàn nímú. Kò sí irú rẹ̀ nínú ilé wọn. Orí ọmọ nìkan ni Fọláhànmí ti ń gbọ́ ọ, nínú irun tí òun fúnra rẹ̀ fi ọṣẹ dúdú fọ̀ láàárọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí oòrùn mú ganrínganrín, ó wà ní ilé ìdáná, ó ń gé ilá, nígbà tó gbọ́ tí ẹnì kan ń kọrin jẹ́jẹ́ nínú yàrá. Orin tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ ni, ní èdè Oǹdó, ìlú ọkọ rẹ̀. Ìta-Ògbólú lẹ́bàá Àkúrẹ́ ni wọ́n bí Fọláhànmí sí. Kò mọ orin náà, kò sì tíì kọ irú rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ rí. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ọ̀bẹ. Ó bọ́ bàtà sílẹ̀, ó rọra rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó sì yọjú.

Iredélé fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ dí. Ẹnu rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ọ̀fun rẹ̀ ń gbé nǹkan mì. Kò sí nǹkan kan níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mátíréèsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tẹ̀ wọlé, ó tẹ̀ gbọọrọ láti ibi ìrọ̀rí dé ìsàlẹ̀, bí ìgbà tí àgbàlagbà ènìyàn dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀. Bí Fọláhànmí ṣe ń wò ó, ọwọ́ kékeré ọmọ náà gbéra, ó ń fọwọ́ pa afẹ́fẹ́ bí ọmọ ọwọ́ ṣe máa ń fọwọ́ pa àyà ìyá rẹ̀.

Fọláhànmí lọgun. Mátíréèsì náà gbéra sókè díẹ̀díẹ̀, láìkánjú, ó tẹ́jú padà. Ọmọ bú sẹ́kún.

Nígbà tí Akínlolú dé, orí òkúta tó wà níwájú ilé ló ti bá ìyàwó rẹ̀, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo ohun tó sọ, ó sì dì í mú.

"Fọlá, oorun ni kò tó ọ. Jẹ́ kí n pe Màámi kí wọ́n wá ràn ọ́ lọ́wọ́."

Ó pe ìyá rẹ̀ ní Oǹdó, ó sì fi fóònù náà sórí sípíkà kí àwọn méjèèjì lè jọ máa gbọ́. Ó ń fi ẹ̀rín sọ ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ibi orin, ìyá já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Mò ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la," ni ohun tó sọ. "Ẹ má fi ọmọ náà sílẹ̀ lóun nìkan."

Nígbà tó dé, kò mu omi tí wọ́n gbé fún un. Ó jókòó ti Fọláhànmí, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ọmọ mi, mi ò sọ fún ọ nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ti tán lára rẹ nígbà náà. O rántí pé ọ̀dọ̀ wa ní Oǹdó lo ti bímọ, pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ṣe fún ọ. O ò tètè jí. Ọmọ ń ké, kò gba mílíìkì inú agolo. Ọmọbìnrin kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì, Monílọ́lá ni wọ́n ń pè é. Òkú lọmọ tirẹ̀ jáde, omi ọmú sì ń kán sára aṣọ rẹ̀. Ó ní, 'Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ gbé e fún mi.' Mo gbé e fún un. Ó fún un lọ́mú títí ilẹ̀ fi ṣú, ó ń kọrin fún un. Kí ìwọ tó lajú, ẹ̀jẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dà lára Monílọ́lá. Wọn ò rí i dá dúró títí ó fi kú."

Iredélé wà lórí ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀, ó ń wo ẹnu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ké sí pásítọ̀, ó wá, ó gbàdúrà káàkiri ilé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mátíréèsì tún tẹ̀ wọlé. Ìbẹ̀rù ti sọ Fọláhànmí di ẹni tó gbójú. Ó wọ yàrá náà, ó dúró ní ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.

"Monílọ́lá, o ṣeun. O bá mi tọ́jú ọmọ nígbà tí mi ò lè gbé e. Ọlọ́run á san án fún ọ. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ni. Mo bẹ̀ ọ́, já a lẹ́nu ọmú."

Ẹnu ọmọ dáwọ́ dúró. Òórùn oògùn náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó tutù bí omi inú àmù. Fọláhànmí gbé ọmọ rẹ̀, ó gbé ọmú sí i lẹ́nu, Iredélé sì gbà á. Ó mu ún yó. Ìyá rẹ̀ sunkún ayọ̀.

Ayọ̀ náà kò dé ọ̀la. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọ kò lajú. Ara rẹ̀ tutù, ọrùn rẹ̀ rọ̀ jọ̀jọ̀, eyín kankan kò tíì sí lẹ́nu rẹ̀ ṣùgbọ́n ńṣe ló di erìgì pọ̀ pinpin. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ọkàn rẹ̀ ṣì ń lù, àmọ́ òun ò rí àrùn kankan. Nígbà náà ni ìyá Akínlolú sọ pé òun mọ ilé àwọn Monílọ́lá. Wọ́n kó sínú ọkọ̀, wọ́n gba ọ̀nà Oǹdó lọ, Fọláhànmí sì gbé etí lé àyà ọmọ rẹ̀ títí wọ́n fi dé.

Wọ́n bá ìyá Monílọ́lá lẹ́yìnkùlé, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Ó wò wọ́n, ó wo ọmọ tí wọ́n gbé. Kò bi wọ́n léèrè ẹni tí wọ́n jẹ́.

"Ṣé òun nìyí?" ó ní, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Ọmọ mi máa ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi lójú àlá tí mo bá sùn. Ó ní òun ní ọmọ kan ní Àkúrẹ́ tí òun ń fún lọ́mú. Mo ní kó fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Ó ní rárá, pé tí òun bá ti já a lẹ́nu ọmú, àwọn méjèèjì á jọ máa lọ sílé." Ó gbé atẹ ẹ̀gúsí náà kúrò lẹ́sẹ̀. "Láti àná ló ti ń di ẹrù. Inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní ẹ̀yin lẹ sọ pé ó tó àkókò."

Fọláhànmí kò mọ ìgbà tó kúnlẹ̀.

"Mà, yàrá wo ló ń gbé?"

Ìyá náà fi ọwọ́ hàn án. Akínlolú fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń pè é, "Fọlá, Fọlá," ṣùgbọ́n kò dúró. Ó wọ yàrá tí wọ́n ti kó ẹrù inú rẹ̀ jáde. Ẹní kan ló kù níbẹ̀. Ó tẹ́ ẹ, ó sì tẹ́ ọmọ rẹ̀ lé e lórí, ó dojú rẹ̀ kọ ògiri.

"Má já a," ó ní. "Mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Má tíì já a. Máa fún un. Mi ò ní lọgun mọ́, mi ò ní lé ọ. Jọ̀ọ́, wá fún un lọ́mú."

Ó fi ẹ̀yìn rìn jáde. Òun fúnra rẹ̀ ló fa ilẹ̀kùn dé, ó jókòó sílẹ̀, ó fi etí ti pákó. Ó pẹ́. Ìyá Monílọ́lá ń sunkún jẹ́jẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé. Lẹ́yìn náà, Fọláhànmí gbọ́ tí ẹnu kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í fa nǹkan nínú yàrá náà, díẹ̀díẹ̀ ní àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà pẹ̀lú agbára.

Iredélé ti ń lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi báyìí. Ó ga, ara rẹ̀ le, kò tíì ṣàìsàn kan rí. Lọ́sàn-án, tó bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, ìyá rẹ̀ á bọ́ aṣọ lọ́rùn rẹ̀, á mú un wọ yàrá, á sì ti ilẹ̀kùn fún un. Akínlolú kì í sí nílé lákòókò yẹn, kò sì bèèrè. Àwọn aládùúgbò rò pé ọmọ tó mọ oorun ọ̀sán sùn ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Iredélé tètè jáde nínú yàrá náà. Fọláhànmí ń rán aṣọ oníbàárà kan nínú pálọ̀, ó sì gbójú sókè. Ọmọ náà dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu.

"Mọ́mì, àǹtí ní ọmú àwọn ti gbẹ."

Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo abẹ́ àga.

"Kí lò ń wá, Iré?"

"Bàtà mi," ó ní. "Wọ́n ní kí n wọ bàtà."