Ráútà Olówó Pọ́ọ́kú Nílé Awakọ̀ Rélùwéè

Obìnrin náà di páálí méjì mọ́ àyà bí ẹni tó gbé ìbejì, ó ń wo tọ̀tún, ó ń wo tòsì, kò mọ èyí tí òun ì bá gbé sílẹ̀. Omi òjò ń kán tó, tó, tó láti etí ìborùn rẹ̀ sórí káńtà ṣọ́ọ̀bù. Bí Ayàwòrán ṣe bá a nìyẹn. Íǹkì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló wá rà, nítorí àwòrán ilé ló máa ń yà fún àwọn kọ́lékọ́lé, ṣùgbọ́n bí ojú rẹ̀ ṣe kan obìnrin yìí, íǹkì fò lọ lọ́kàn rẹ̀ pátápátá.

"Sisí, ẹ gbọ́ tèmi," ni ọlọ́jà ń sọ. Ìyá Oníwáyà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ẹnu rẹ̀ sì mú. "Ráútà eléríálì mẹ́rin yìí ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ wò ó bó ṣe dúró bí alákàn. Á gbé íńtánẹ́ẹ̀tì dé ọ̀run."

"Ìyá, mi ò ní ẹnikẹ́ni lọ́run tó ń lo kọ̀ǹpútà," ni obìnrin náà dáhùn. "Yàrá bàbá mi ni mo fẹ́ kó dé. Kékeré tí agbára mi ká yìí, ṣé á dé ibẹ̀?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Ayàwòrán. Obìnrin náà yíjú, ó wo bàtà rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbójú sókè, ó gbé e, ó gbé e, kó tó dé ojú ọkùnrin náà, torí pé ó ga.

"Ẹ má bínú," ni Ayàwòrán wí. "Ògiri mélòó ló wà láàárín yín àti yàrá bàbá?"

"Ṣé ẹ̀yin náà ń ta ráútà ni?"

"Rárá o. Ilé ni mò ń yà. Ráútà ò fi bẹ́ẹ̀ yé mi, àmọ́ ògiri yé mi."

Ó ti ìka bọ inú omi tó kán sórí káńtà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ya ilé obìnrin tí kò tíì dé ilé rẹ̀ rí. Pálọ̀ níwájú, ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárín, yàrá lẹ́yìn. Obìnrin náà tẹ̀ síwájú, ó ń tọ́ ọ sọ́nà. Olùkọ́ ìṣirò ni òun, ó ní, láti pálọ̀ lòun ti ń kọ́ àwọn ọmọ lórí kọ̀ǹpútà. Bàbá òun, awakọ̀ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì, wà ní yàrá ẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ ò gbé wọn mọ́, fídíò ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n sì máa ń wò látàárọ̀ dalẹ́.

"Tí ọkọ̀ wọn bá ti gbéra báyìí, ẹ̀kọ́ tèmi á dúró gbagidi. Ráútà tó wà ńlẹ̀ ti darúgbó ju bàbá lọ."

"Ẹ̀yin méjèèjì nìkan lẹ ń lò ó?"

"Èmi àti bàbá mi. Kò sí ẹlòmíì."

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn dùn létí Ayàwòrán ju bó ṣe yẹ lọ. Ó gba páálí kékeré, ó kà á níwájú lẹ́yìn. "Ẹ fi alákàn sílẹ̀. Ẹni méjì ò nílò rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbí pé ọ̀nà méjì lèyí ní. Ọ̀kan ń lọ jìnnà, èkejì ń sáré. Kí bàbá gba èyí tó ń lọ jìnnà, kẹ́ ẹ̀yin gba èyí tó ń sáré. Ẹ má gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ má gbé e sẹ́yìn fíríìjì. Àárín ilé ni kó wà, lókè téńté."

"Ọ̀gá, ẹ ti ba ọjà mi jẹ́," ni Ìyá Oníwáyà wí. "Ẹ kúkú tẹ̀lé e délé, kẹ́ ẹ bá a so ó kọ́."

Ó fi ṣàwàdà ni. Ayàwòrán ò gbà á bí àwàdà.

Nígbà tó débẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, tòun ti òòlù àti ìṣó, bàbá wò ó láti orí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Agùntáṣọọ́lò! Ìyá mi, níbo lo ti rí eléyìí? Ṣé kó má gbé òrùlé mi kúrò?" Ìyá mi ni wọ́n máa ń pe ọmọ wọn.

Ayàwòrán kan pákó kékeré kan sókè ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ láìgun àga, ó gbé ráútà lé e. Olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní pálọ̀, bàbá tan ọkọ̀ ojú irin ní ìyẹ̀wù. Kò sí èyí tó dúró. Ọkọ̀ bàbá ń gba inú yìnyín kọjá ní ìlú òkèèrè kan, wọ́n sì ń kígbe mọ́ awakọ̀ tí kò lè gbọ́ wọn: "Fọn fèrè! O ò rí kọ́nà ni? Fọn fèrè, ìwọ ọ̀dẹ̀ yìí!" Àwọn ọmọ tí Olùkọ́ ń kọ́ gbọ́ ọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín nínú kọ̀ǹpútà. Olùkọ́ gbójú sókè, ó rí Ayàwòrán lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni nǹkan kan ti yẹ̀ nínú Olùkọ́ tí kò padà sáyè mọ́.

Láti ìgbà náà, Sátidé ò kọjá kí Ayàwòrán má yà.

"Ṣé ráútà ti bàjẹ́ ni?" Olùkọ́ á bi í lẹ́nu ọ̀nà.

"Kò tíì bàjẹ́. Àmọ́ mo rò ó pé ó lè fẹ́ bàjẹ́."

"Wọlé, oníṣẹ́ ọ̀fẹ́. Tíì ti wà lórí iná."

Tó bá yá, wọ́n á jókòó sí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, èjìká kan èjìká. "Olùkọ́ mi," Ayàwòrán á wí, "kí ni èmi pẹ̀lú ìwọ?" Olùkọ́ á ní, "Ìṣirò àwọn ọmọdé nìyẹn. Ọ̀kan ni." Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó wá di ohun tí wọ́n ń sọ bí ẹni sọ pé ọ̀la á mọ́.

Iṣẹ́ ló kọ́kọ́ dé. Wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ìwòsàn ńlá kan ní ìlú tó jìnnà, wọ́n sì fi Ayàwòrán ṣe olórí àwọn tí yóò yà á. Ó sáré wá sílé Olùkọ́ tayọ̀tayọ̀.

"Ká ṣègbéyàwó kíá, ká jọ lọ. Bàbá á tẹ̀lé wa. Ilé tí wọ́n fún mi ò ní àtẹ̀gùn kankan, àga onítáyà á máa yí geere níbẹ̀."

Ojú Olùkọ́ yí padà. "Bàbá ò lè kúrò níbí. Inú ilé yìí ni ìyá mi kú sí."

"Ṣé o ti bi wọ́n?"

"Mo mọ bàbá mi."

"Jẹ́ kí èmi bi wọ́n, ọkàn mi. Ìbéèrè lásán ni."

"Wọ́n á sọ pé àwọn á lọ nítorí tèmi, ọ̀nà á sì pa wọ́n. Tó o bá dán an wò, tèmi tìẹ ti parí nìyẹn."

Kì í ṣe pé ó ń parọ́. Ó gba ohun tó sọ gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kan wà tí kò fẹ́ dárúkọ rẹ̀. Nínú ilé yẹn, ó lè dijú kó mú ṣíbí, gbogbo àdúgbò ló sì ń kí i. Ní ìlú onílùú, ta ni yóò jẹ́? Ó rọrùn fún un láti fi ẹ̀rù náà pamọ́ sẹ́yìn ẹsẹ̀ tó ń dun bàbá.

Ayàwòrán dá lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ráútà kékeré òkè ilẹ̀kùn ń gbé ojú rẹ̀ wá lójoojúmọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń jẹun níwájú ara wọn. Nígbà tó ṣe, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tán lẹ́nu. Lọ́jọ́ kan tó ti rẹ Ayàwòrán, ó ní, "Mi ò lè máa fẹ́ ojú inú dígí."

"Lọ fẹ́ ẹlòmíì nígbà náà."

Olùkọ́ fẹ́ kó sọ pé rárá ni. Ayàwòrán rò pé ó ń lé òun ni. Lọ́jọ́ kejì, Olùkọ́ jókòó, ó ń retí kó pè, Ayàwòrán náà sì jókòó lọ́hùn-ún, ó ń retí ìpè. Bí ìgbéraga ṣe ń kó ọdún lọ nìyẹn, ó kó púpọ̀ lọ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Ó di ọjọ́ kan ní ìyálẹ̀ta, Olùkọ́ gbé tíì wọ ìyẹ̀wù. Bàbá tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà, inú wọn dùn bí i tọmọdé. "Ìyá mi, wá wò ó! Wọ́n ti ṣí ọ̀nà irin tuntun dé ìlú tí Agùntáṣọọ́lò lọ. O ò rí i pé a lè lọ kí i?"

"Bàbá, ẹ̀yin? Ẹ lè rìnrìn àjò?"

"Kí ló dé tí mi ò fi ní lè? Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí. Ìdí la fi ń jókòó nínú ọkọ̀ ojú irin."

Olùkọ́ gbé ife tíì sílẹ̀. Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Bàbá pa kọ̀ǹpútà.

"Ìyá ẹ wà lọ́kàn mi," ni wọ́n sọ. "Kò sí lára ògiri. O ò kàn bi mí. Mi ò jí nǹkan kan, àmọ́ orúkọ mi ni wọ́n fi jalè." Lẹ́yìn náà, wọ́n na ọwọ́, wọ́n nu ojú ọmọ wọn. "Dìde. Wá a lọ."

Nọ́ńbà Ayàwòrán ò lọ mọ́. Olùkọ́ wá gba ilé ìyá Ayàwòrán lọ, ní òdìkejì ìlú. Ìyá arúgbó náà ṣílẹ̀kùn, wọ́n wò ó pẹ́.

"Ìwọ ni olùkọ́ yẹn. Mo bínú sí ọ títí, ìbínú ọ̀hún rẹ̀ mí. Ó wà lẹ́yìnkùlé. Wọ́n ti parí ilé ìwòsàn yẹn, ó ti padà wálé."

Ayàwòrán ń sá aṣọ. Ewú ti bo ẹ̀bá etí rẹ̀, ó sì ti ń lo jígí ojú. Nígbà tó rí Olùkọ́, ó di aṣọ tútù náà mú, kò lè sá a, kò lè gbé e sílẹ̀.

"Mi ò bi bàbá," ni Olùkọ́ wí. "Wọn ì bá lọ. Èmi ni ẹ̀rù ń bà."

Ayàwòrán ní, "Ó yẹ kí n tẹnu mọ́ ọn. Mo bínú, mo sì fẹ́ kó dùn ọ́ pé mo lọ." Ó mí kanlẹ̀. "Ó ku díẹ̀ kí n gbé ìyàwó lọ́hùn-ún. Obìnrin náà ò ṣẹ̀ mí rárá. Mo bà á lọ́kàn jẹ́."

"Ṣé o fẹ́ràn rẹ̀?"

"Mo gbìyànjú."

Olùkọ́ gba apá kejì aṣọ náà, wọ́n jọ fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n jọ sá a. Kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀, ó sọ ohun tí dókítà sọ fún un, pé kó má fi bẹ́ẹ̀ retí ọmọ mọ́. Ayàwòrán ní òun gbọ́, òun ṣì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ó bi í bóyá á ṣì fẹ́ òun náà. Olùkọ́ ní òun á fẹ́ ẹ.

Kọ́ọ̀tù ni wọ́n ti so wọ́n pọ̀, láìpariwo. Nígbà tí wọ́n délé, bàbá Olùkọ́ àti ìyá Ayàwòrán jókòó ní pálọ̀, wọ́n ń bá ara wọn jiyàn lórí ta ló dàgbà ju ẹnì kejì lọ. Ìyàwó àti ọkọ wà nílé ìdáná. Olùkọ́ ń fọ abọ́, Ayàwòrán ń nù ún.

"Ká ní a ti ṣe é nígbà yẹn," ni Ayàwòrán bẹ̀rẹ̀, ó sì dákẹ́.

"Parí ẹ̀."

"Kò sí nǹkan kan, Olùkọ́ mi."

"Ọmọ wa ì bá ti máa lọ sílé-ìwé," ni Olùkọ́ bá a parí rẹ̀. "Ì bá ti máa bá mi jà lórí ìṣirò."

Ayàwòrán gbé abọ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó fa ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ jáde nínú omi, ó fi aṣọ ìnuwọ́ nù ún, ìka kan lẹ́yìn ìkejì, títí ó fi kan èyí tí òrùka wà. Ó dì í mú. Ẹ̀rín àwọn àgbà méjèèjì ń ta wá láti pálọ̀. Tọkọtaya dúró síbẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí omi abọ́ fi tutù.